Ọmọ Tí Kò Wo Ẹja Bàbá Rẹ̀

Teoh Kah Seng kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Àléébù kan ló ní, òun náà ló sì bà á jẹ́: kì í fara balẹ̀ wo nǹkan kó tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí o bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, yóò dáhùn wàràwàrà. Bí o bá tún bi í, yóò fi ìbúra kún un. A bá a wí títí, ó sú wa ní àdúgbò wa ní ìlú Bukit Mertajam.

Bàbá rẹ̀, Teoh Chin Hock, ló ni ẹja. Dísíkọ́ọ̀sì ni wọ́n, ẹja pẹrẹsẹ tó rí roboto bí àwo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan lára ìyá àti bàbá wọn bí ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọmú. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ń ṣa akọ, tó ń ṣa abo, kó tó rí ìran pupa kan tí kò sí nílé ẹlòmíràn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ sí yàrá iwájú, akọ kan àti abo kan péré ló kù nínú ìran náà, nínú àpótí gíláàsì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Kò lè rìn débẹ̀ mọ́. Kah Seng ló ń bá a tọ́jú wọn. Bí méjèèjì bá kú, ìran náà parun nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ̀.

Òfin kan wà tí gbogbo ẹni tó ń sin ẹja lọ́dọ̀ wa ń pa mọ́: ẹja àlejò kò gbọdọ̀ bá ẹja onílé lo omi kan náà àfi tó bá lo ogójì ọjọ́. Àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún tuntun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Kah Seng ra ẹja aláwọ̀ búlúù kan lọ́jà, ó sì dà á sọ́dọ̀ àwọn ẹja bàbá rẹ̀, kí àwọn àlejò ọdún lè rí pupa àti búlúù pọ̀.

"Ogójì ọjọ́ ńkọ́?" Phaik Gaik, ìyàwó rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ẹja tó ń sáré kiri báyìí? Ara rẹ̀ le ju tèmi tìrẹ lọ. Ìwọ náà ti di dókítà ẹja, àbí?"

Ọdún wọlé, abo pupa náà sì dúdú. Ó lọ dúró sí kọ̀rọ̀, ó kọ oúnjẹ. Phaik Gaik tẹjú mọ́ gíláàsì, ó wò ó dáadáa.

"Ọkọ mi, ẹ wá wò ó. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú."

"Mò ń bọ̀." Kò wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ ọsàn tí a fi ń ṣọdún níwájú ilé.

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ pè é sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Wọ́n ní abo ò jẹun. Ṣé ihò ìmí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ló fi ń mí?"

"Méjèèjì ni, Bàbá."

"Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀."

Ojú ti Kah Seng láti sọ pé òun kò tíì wò ó. "Dúdú ni, Bàbá. Bó ṣe máa ń rí."

"O fojú ara rẹ rí i?"

"Háà, Bàbá! Ṣé mo máa purọ́ fún yín ni?"

Ọkàn bàbá náà balẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, a jẹ́ pé kò sí àìsàn nínú rẹ̀; òtútù omi lásán ló mú un. Ó ní kí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n fi ewé furúntù gbígbẹ sí i, kí wọ́n má sì yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àìsàn tó ń ṣe ẹja náà. Kòkòrò inú ló ń bá a jà, ẹja àlejò ló gbé e wá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ àti oògùn kòkòrò inú ni í wò ó sàn, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Phaik Gaik fẹ́ lọ sọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní, "Má lọ da ọkàn Bàbá rú." Kò lọ mọ́. Mo bá òun náà wí fún ìyẹn.

Ewé furúntù sọ omi di bíi tíì, kò sẹ́ni tó rí nǹkan funfun kankan mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, akọ náà ti rù, ihò wẹ́wẹ́ ti yọ lórí rẹ̀. Jìnnìjìnnì mú Kah Seng. Ó da oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú omi, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti léfòó.

Bàbá náà ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀. Àwa aládùúgbò méjì la fi àga gbé e. Phaik Gaik gbé abo náà lé e lọ́wọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹja náà jẹ́jẹ́, okùn funfun kan sì yọ jáde.

"Kah Seng, àwọ̀ wo lo pè é fún mi?"

Kah Seng kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Oògùn rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi níbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ mi ló kú, orí mi ò kú. Ojú rẹ nìkan ni mo yá lò."

Bàbá náà bú sẹ́kún. Ó dùn mí wọra, nítorí mi ò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń sin ẹja lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ kí Kah Seng ti ọwọ́ bọ omi òun. Àwọn èèyàn ṣì ń wá láti ìlú Ipoh, wọ́n ń béèrè ẹja pupa Teoh àgbà, òun ló sì ń jáde lọ sọ fún wọn pé kò sí mọ́. Èyí tó le jù wà nínú ilé. Bí ó bá wọlé tó ní òjò ń rọ̀, tí aṣọ rẹ̀ tutù rin, bàbá rẹ̀ á ní kí Phaik Gaik lọ yọjú lójú fèrèsé ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò ju èyí lọ. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé, "Mi ò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó." Ìrìn díẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ni. Ẹni tó bá ń ríran fún aláìsàn tàbí arúgbó, ohun tó bá rí nìkan ni kó máa sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò fi yan oògùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, oògùn tó dára jù lọ láyé kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo tún sọ ọ́: ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.