Ògbufọ̀ Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Ògbufọ̀ náà fi ìborùn wé ọrùn wọlé. Ó ní òtútù ló mú òun, ohùn òun ti há. Ọ̀gá ọlọ́pàá bu omi gbígbóná fún un.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti ní ara yín ò yá, ìyá wa. Ẹ rọra o. Ẹyin lohùn, tiyín ò gbọdọ̀ fọ́ lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ náà gbìyànjú, kò jọ ẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ohùn jẹun, orí fóònù ni tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ti ìjọba.

Orílẹ̀-èdè méjì ló pawọ́ pọ̀ lórí ẹjọ́ yìí. Ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó sápá kan tábìlì, akẹgbẹ́ rẹ̀ láti òdìkejì ibodè jókòó sápá kejì. Ọwọ́ wọn ti tẹ awakọ̀ tó ń kó àwọn ọmọbìnrin kọjá. Obìnrin tó ń pè wọ́n lórí fóònù, tó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, ni wọn ò rí. Bí ọwọ́ ò bá tẹ̀ ẹ́, yóò tún pe àwọn mìíràn.

Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wọlé, kò tíì pé ogún ọdún. Nínú gbogbo ọ́fíìsì náà, ògbufọ̀ nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ọmọ náà kí i.

Ògbufọ̀ mi orí. Ó búra bí ìṣe wọn: ohun tí ọmọ náà bá sọ lòun yóò sọ, òun ò ní fi kún un, òun ò ní yọ níbẹ̀.

Ọmọ náà ròyìn ilé onílẹ̀kùn irin, ó ròyìn àwọn ọkùnrin, ó ròyìn àbúrò rẹ̀ tí wọn ò tíì rí. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ojú ń tì í débi pé ife omi ló ń wò.

"Ṣé o lè dá obìnrin orí fóònù náà mọ̀?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Mi ò rí i rí. Àmọ́ ohùn rẹ̀ tutù, bíi ti ìyá ẹni. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá mọ̀ ọ́n."

Ló bá bú sẹ́kún. Ó sunkún títí kò fi lè mí dáadáa mọ́. Àánú ṣe ògbufọ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó nawọ́ kọjá tábìlì, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó tó. Nu ojú ẹ."

Ohùn náà jáde ketekete.

Ẹkún dá wáí. Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Kí ló wí?" ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

Ògbufọ̀ tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe búra, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀: "Ó ní èmi ni obìnrin orí fóònù yẹn."