Ọjọ́ tí Ẹ̀gà Dákẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹ̀gà, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Láti orí ọ̀pẹ ló ti rí ìjì lọ́ọ̀ọ́kán. Ó figbe ta:

“Ìjì ń bọ̀ wá wó oko!”
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ́!
“Ará ilẹ̀, ẹ wọ ihò!”
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ́!

“Ẹ̀gà tún ti bẹ̀rẹ̀,” ni Òkété wí, ó ń jẹ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gà ro ó títí, ló bá panu mọ́, tòun tọmọ. Oko pa lọ́lọ́.

Ẹ̀kùrọ́ bọ́ lẹ́nu Òkété. “Yéè! Ẹ̀gà dákẹ́! Ẹ sá o!”

Gbogbo ẹranko wọ ihò kí ìjì tó dé. Ọ̀pẹ wó, ilé Ẹ̀gà bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan ò sọnù. Òkété fúnra rẹ̀ ló fẹnu já imọ̀ tí Ẹ̀gà fi hun òmíràn.

Èmi náà dákẹ́ o. Kí lẹ tún jókòó ṣe?