Kíjìpá Abẹ́ Lẹ́dà

Lọ́dún tí owó oṣù àfikún Údójì jáde, Ambrose gbé ọkọ̀ Pijó tuntun wálé láti Èkó, gbogbo Èsìẹ́ sì wá wò ó. Ìyá rẹ̀, Rúùtù, wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àga ẹ̀yìn gbóná bí agbada.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ambrose ń padà, ó bá kíjìpá aláró kan lórí àga náà. Ọdún méjì gbáko ni ìyá rẹ̀ fi hun ún. Ìyá di fèrèsé ọkọ̀ mú.

“Ọwọ́ rẹ ni mo kó o lé, ọkọ mi. Má jẹ́ kó jìnnà sí ọ. Ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀, wọn á wá sọ fún ọ.”

Ambrose dúpẹ́, àmọ́ ojú ń tì í. Ta ni yóò ra irú ọkọ̀ yẹn, tí yóò wá tẹ́ aṣọ oko sí i? Ó yà ní Òrò lọ́dọ̀ Àbúdùlàhí tó ń rán àga ọkọ̀, ó ní kó fi lẹ́dà òyìnbó bo gbogbo àga.

Àbúdùlàhí na kíjìpá náà wò. “Ọ̀gá, aṣọ yìí á pẹ́ ju lẹ́dà lọ.”

“Gé e, kí o fi kún inú àga.”

Ó gé e.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń ba Ambrose pé ìyá òun lè mọ̀. Bó bá ti wálé, ìyá á béèrè aṣọ, òun náà á ní ó wà nínú ọkọ̀. Kò kúkú parọ́. Inú ìyá á dùn, á sì jókòó lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì gbẹ nílùú. Lẹ́dà ya, aró ń yọjú níbi tó ti ya, lẹ́dà òyìnbó sì wọ́n lọ́jà bí ojú. Àbúdùlàhí ní kíjìpá gan-an làwọn ọlọ́kọ̀ ń wá báyìí. Ambrose wá pinnu pé òun á jẹ́wọ́ fún ìyá òun, òun á sì bẹ̀ ẹ́ kó hun òmíràn.

Nígbà tó délé, ó bá èrò lójúde. Rúùtù ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ambrose sunkún bí ọmọdé, síbẹ̀ ara tù ú díẹ̀ pé ìyá òun kò mọ̀.

Ọlárónkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, jáde láti yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

“Ambrose, lọ gbé kíjìpá ẹ̀gbọ́n mi wá nínú ọkọ̀, ó ní aṣọ tí wọn á fi sin òun ni òun kó lé ọ lọ́wọ́ lọ́dún náà, pé ọwọ́ ọmọ òun ni òun fẹ́ kó ti wá.”