Ohun Tó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Láti ìdájí ni Ìyàndá mẹkáníìkì ti ń nu mọ́tò Impala tó wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Olódì-Àpápá. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, ti ọdún 1972, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, ó sì funfun bí lékeléke. Dókítà Ọlábímtán ló fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, nígbà tó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Kánádà. Dókítà yìí kan náà ló ni ilẹ̀ tí Ìyàndá ti ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn wọn kò gùn: kí Ìyàndá máa tọ́jú mọ́tò, kó sì máa lo ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dókítà pè é lórí fóònù pé Tóbilọ́ba, ọmọ òun, yóò wá gba mọ́tò náà ní ọjọ́ Ẹtì, ní agogo méjìlá ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu Ìyàndá. Ní ọdún tí wọ́n sé gbogbo ayé mọ́lé nítorí àrùn kòrónà, tí kò rí mọ́tò kankan tún ṣe, ó yọ ẹ́ńjìnì ńlá inú Impala náà, ó sì tà á fún ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ́ńjìnì Toyota kékeré kan ló dè sí ipò rẹ̀. Ó lu ihò sára sáléńsà kí ohùn rẹ̀ lè wúwo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti òkèèrè lè gbà. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní gbà. Bí Dókítà bá mọ̀, ilẹ̀ bọ́ nìyẹn, fún òun àti àwọn mẹ́rin tó ń jẹun níbẹ̀.

"Baba Ìyàndá," ni Godspower wí. Òun ló ń lu ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀ ní ibi iṣẹ́ náà. "Ẹ ti nu mọ́tò yìí bí ìyàwó tuntun. Abeg, ẹ rọra, kí ọ̀dà má bó."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé o ò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ẹ́ńjìnì?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin gan-an lẹ dúró nídìí àkàrà Mirabel lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ ń pariwo pé ọmọ Dókítà ń bọ̀ wá gbé mọ́tò, kí gbogbo èèyàn bá yín gbàdúrà. Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wọlé. Bàtà rẹ̀ funfun, gíláàsì dúdú sì wà lójú rẹ̀. Ó tẹrí ba dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Baba. Mọ́tò Daddy ni mo wá gbà."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Ìyàndá.

"Tóbilọ́ba! Agogo méjìlá ni Dókítà dá fún mi."

"Ibì kan wà tí mò ń lọ ni, Baba. Mo ní kí n tètè yà."

"Ó dáa, ó dáa. Àdùkẹ́ ti ń retí ẹ."

"Ta ni Àdùkẹ́?"

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí Dókítà sọ mọ́tò náà nìyẹn. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ara Ìyàndá fúyẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ mọ́tò, níbo ló ti fẹ́ rántí ohùn ẹ́ńjìnì?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ pé?"

"Ó pé." Ìyàndá ti bọ́ síwájú mọ́tò, ó fi ìdí ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ọ́ìlì dà sábẹ́ ibẹ̀ lánàá. Kó má lọ ba aṣọ ẹ jẹ́."

"Kò sí wàhálà. Mi ò kúkú mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnì." Ó yọ fóònù lápò. "Àbí kí n pe Daddy, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó gbé e?"

Òógùn bo Ìyàndá. Bí Dókítà bá wà lórí fóònù, yóò ní kí wọ́n tan mọ́tò kí òun gbọ́ ọ. Dókítà mọ ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ.

"Má pè wọ́n! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Jẹ́ kí àgbà sùn."

"Òótọ́ ni, Baba." Ó dá fóònù padà sápò.

Ìyàndá kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé mọ́tò lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí. Ó tún dákẹ́. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Godspower gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàndá sáré dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn náà padà.

"Jókòó, jókòó! Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí o tún un sítáàtì."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà. Èéfín tú jáde, ohùn rẹ̀ sì bú ramúramù gẹ́gẹ́ bí Ìyàndá ṣe fẹ́. Mọ́tò náà yọ sójú títì, ó kọrí sí ọ̀nà Ìjọra, kò sì wẹ̀yìn. Ìyàndá dúró títí ìdí rẹ̀ fi wọ àárín àwọn tírélà.

"Ọlọ́run tóbi," ló wí.

"Ẹ ó ra mínírà fún wa lónìí o," ni Godspower wí. "Ẹni tí ilẹ̀ ò bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ìyàndá rà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó jẹun yó, ó sì sinmi lórí bẹ́ǹṣì.

Agogo méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mú àpò ìwé kan dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyàndá, ó ní, "Ẹ káàsán, Baba, èmi ni Tóbilọ́ba, Daddy ní kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ẹni tó ra ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ yín ti sọ fún àwọn láti ọdún tó kọjá, àwọn sì ti dárí jì yín, ìwé ilẹ̀ yìí ló wà nínú àpò yìí, wọ́n ní ó di tiyín lónìí, kí ẹ ṣáà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."