Fáìlì Tí Kọ̀ǹpútà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Láti Pobè dé Sakété, kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà bíi tèmi. Bí mo bá sín, nẹ́ẹ̀tì á dé.

Èmi ni mo ṣe áàpù tó ń sọ ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe làálàá o. Àmì kékeré tó ń dárúkọ ìlú tí abẹ́rẹ́ wà ni mo ń fi sórí kóòdù. Bí mo bá ti kọ̀ǹpilé, ìyẹn ni pé mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ kóòdù di áàpù, á ka àmì náà, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fáìlì tí áàpù ń lò.

Crépin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré wọlé.

"Ládiípọ̀, ṣé o tún ti kọ̀ǹpilé ni?"

"Ọ̀gá kì í sinmi!"

"Ọ̀gá burúkú! Wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ kúrò ní Sakété wá sí Pobè. Mo ti tún un ṣe nínú fáìlì yẹn lánàá!"

"Ta ló rán ẹ sí fáìlì? Àmì ni wọ́n ń tún ṣe!"

Mo ṣí kóòdù wò. Àmì mi ṣì ń pe Sakété. Kọ̀ǹpútà ti kọ fáìlì tuntun, àtúnṣe Crépin sì ti pa rẹ́.

Fóònù mi dún. Ọlọ́kadà kan ni.

"Nọ́ńbà yín ni mo rí nínú áàpù. Ejò ṣán baba kan lóko, èmi ni mo gbé e. Ṣé lóòótọ́ ni pé Sakété ni abẹ́rẹ́ wà?"

"Rárá! Pobè ni!"

"Ha! A ti fi Pobè sẹ́yìn tipẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé ká yà níbẹ̀, ó kọ̀."

"Kí ló dé tó fi kọ̀?"

"Ó ní ọmọ òun ló kọ Sakété síbẹ̀. Ó ní Ládiípọ̀ òun kì í ṣàṣìṣe."