Àwọn Ìwé Ilé Àgùdà

Ilé ìkàwé yunifásítì mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ ra àwọn ìwé èdè Potogí tí ìdílé Àgùdà kan, ọmọ àwọn ẹrú tó ti òkè òkun padà wálé, kó jọ láti ìran dé ìran, wọ́n sì fẹ́ pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Mopélọ́lá, òṣìṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n ní kó pín wọn sínú àpótí mẹ́ta kílẹ̀ tó mọ́, nítorí ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó wọn láàárọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó di àpótí kẹta tán. Ìgbà náà ló gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣí ìwé lẹ́yìn rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sídìí tábìlì. Orí Mopélọ́lá wú, torí òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Ibo lẹ gbà wọlé?"

Ìyá náà ò gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ń pín wọn?"

"Èmi ni, mà."

"Jọ̀ọ́, má pín wa."

"Ẹ̀yin àti ta ni, mà?"

Ìyá náà rọra pa ìwé dé. Inú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Mopélọ́lá ti dì pinpin ni ìdáhùn ti wá, ohùn tọmọdé tàgbà, lẹ́ẹ̀kan náà:

"Àwa ni."