Pásípọ́ọ̀tù Inú Àpótí Kimchi

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ dúró ná. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ló ń bá wí.

1.

Opó ni Ìyá Da-som, ìyá ìjọ sì ni ní ilé ìsìn kan ní ìlú Gunsan. Bí ìjọ bá ń se oúnjẹ, òun ni ọ̀gá. Bí wọ́n bá ń sin òkú, òun ló ń sọ ibi tí kálukú máa jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, nítorí lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tí wọ́n bá ti bí ṣáájú rẹ ló ni ọ̀rọ̀.

Da-som nìkan ni ọmọ tó bí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà tí ìjọ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Cambodia, lásìkò ìsinmi Chuseok, ọdún ìkórè tí gbogbo ọ́fíìsì máa ń tì. Da-som wá bẹ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Tí mo bá bí tí ẹ ò sí ńlé, ta ló máa se ọbẹ̀ ewéko òkun fún mi?"

Ìyá rẹ̀ tọ́ka sí ara ògiri. Ewéko òkun gbígbẹ ló gbé kọ́ síbẹ̀, ó gùn gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun, tí wọn kì í ṣẹ́ kí ìbí lè rọrùn.

"O ò rí i ni? Ọwọ́ ara mi ni màá fi sè é. Kó o tó bí, màá ti dé. Tí mi ò bá lọ, ta ló máa mójú tó àwọn ọmọ yẹn?"

Àwọn tó ń pè ní ọmọ yìí, àwọn kan nínú wọn ti ní ewú lórí o.

2.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé Cambodia, Pásítọ̀ Byeon ní kí kálukú tọ́jú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ìyá Da-som na ọwọ́.

"Ẹ kó wọn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin lẹ fẹ́ tọ́jú pásípọ́ọ̀tù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó wọn fún un. Díákónì kan tí kò tíì pẹ́ tó gbéyàwó, Tak lorúkọ rẹ̀, òun nìkan ló lọ́ra.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí tèmi wà lápò mi."

"Àbí ìwọ lo bí mi ni?"

Pásítọ̀ alára wolẹ̀. Tak náà mú tirẹ̀ sílẹ̀.

Obìnrin yìí wá rò ó pé olè lè jí báàgì, ṣùgbọ́n olè wo ló máa jí kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta tí wọ́n gbé wá láti ilé? Ó fi ọ̀rá wé gbogbo pásípọ́ọ̀tù náà, ó tẹ̀ wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí oníke kan, ó sì da ẹ̀fọ́ aláta náà lé wọn lórí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí wọ́n yìn ín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń padà.

3.

Abúlé tí wọ́n lọ gbóná. Bí wọ́n ti ń kun ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀dà, inú ọkọ̀ ni àpótí náà wà, oòrùn ń pa á. Tak ló kọ́kọ́ rí i.

"Màmá, àpótí yìí ń wú o."

"Kimchi tó bá dáa ló ń wú. Ìyàwó ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ n ṣí i díẹ̀, kó lè mí."

"Dán an wò, kó o rí i. Ọjọ́ ìkẹyìn la máa ṣí ìyẹn."

Tak fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ká ní ó ṣí i nígbà yẹn ni, ì bá má sí ìtàn kankan.

4.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, pápákọ̀ òfuurufú ni ìdérí àpótí náà ti bẹ́. Omi pupa ń dà sílẹ̀, òórùn gba gbogbo ibẹ̀, Ìyá Da-som sì ki ọwọ́ bọ àpótí níṣojú gbogbo ayé. Ọ̀rá ti ya. Ojú ìwé ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àwòrán ojú wọn ti ṣí, òǹtẹ̀ tí wọ́n fi wọlé ti parẹ́.

Òṣìṣẹ́ fi ìka méjì gbé ọ̀kan sókè.

"Ẹ ò lè fi èyí jáde. Ẹ ò sì lè padà sígboro láìní ìwé."

Wọ́n kó wọn sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ìta nìkan ni wọ́n ti lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàálù wọn lọ. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè wọn títí, kò sẹ́ni tó gbé e, Chuseok ni. Kò sẹ́ni tó bú Ìyá Da-som. Wọn ò sáà bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Màmá, omi ìrọbí mi ti ya. Ṣé bàálù yín ti balẹ̀ sí Incheon?"

"Mo ti ń bọ̀."

"Ibo lẹ dé?"

Ó wo ilẹ̀kùn. Irọ́ náà kò ṣeé pa mọ́.

"Da-som, wọ́n tì mí mọ́lé."

"Ẹ ṣèlérí fún mi," ni Da-som wí, ó sì pa fóònù.

Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. "Ọmọ mi ń rọbí! Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Òṣìṣẹ́ yọjú, ó ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó." Ó jókòó. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, kò sì sí ibi tó lè sá sí.

5.

Nígbà tí ìsinmi parí, wọ́n gba ìwé tuntun. Ìyá Da-som délé, ó já ewéko òkun lára ògiri, ó sè é, ó gbé e lọ.

Da-som tọ́ ṣíbí kan wò, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ó dùn, Màmá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ti lọ. Nọ́ọ̀sì ló bu ti inú ike fún mi."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ọmọ tuntun náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni," ni Da-som wí, ó sì fà á mọ́ra.

Ọwọ́ tó gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo èèyàn ló wà nílẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ọmọ lé e.

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má fi agídí yín di ọ̀nà ilé mọ́ ọmọlọ́mọ, kó má baà di mọ́ ẹ̀yin náà. Bí ọmọdé bá ní àpótí ń wú, ẹ ṣí i wò, ìyẹn ò ní kí ẹ má jẹ́ àgbà mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.